Ta ló máa ń lọ wo ibùdókọ̀ ojú irin kiri? Ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ràn jọ síbí

Arìnrìn Agége

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé tí mo ń gbé ní Agége kò jìnnà sí ojú irin rárá. Láti kékeré ni fèrè ọkọ̀ ti ń jí mi kí àkùkọ tó kọ. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, bi mí pé, "Bàbá, níbo ni irin yìí ń lọ gan-an?" Mo ní Kánò ni. Ó ní ṣé mo ti tọ̀ ọ́ débẹ̀ rí. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Láti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀. Sátidé tí iṣẹ́ bá ti gbà mí láyè, èmi àti ẹ̀ á wọ ọkọ̀, a ó sọ̀ ní ibùdókọ̀ kan, a ó rìn ká àdúgbò rẹ̀, a ó jẹun níbẹ̀, a ó sì padà sílé. A ti parí gbogbo 8 tó wà lójú ọ̀nà Red Line, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ìgboro Èkó: Agbádò, Ìjù, Agége tiwa, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣin, Yábàá àti Ọyìngbò. A ti parí 5 ti Blue Line náà, láti Mile 2 títí dé Marina. Ó ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ wọn sí, ó sì ń ya òrùlé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ẹ̀.

Ní báyìí, ó fẹ́ rí àwọn ti àtijọ́, èyí tí àwọn òyìnbó kọ́. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ̀yin máa ń wò tí ẹ bá débẹ̀? Ṣé wọn kì í dá èèyàn dúró tó bá yọ fóònù láti ya fọ́tò? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé kí ni mo ń wá lọ síbi tí ọkọ̀ kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ dúró mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi á yé ẹ̀yin.

Tíkẹ́ẹ̀tì Kan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má tíì jáde kúrò ní Èkó. Ẹ lọ sí Ìddó ná, torí ibẹ̀ ni orí ojú irin àtijọ́ wà. Ọjà àti gáréèjì ló gba àyíká ẹ̀ lónìí, ariwo ò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín, ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Omi ló wà láàárín Ìddó àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Rélùwéè ò kọjá omi yẹn. Afárá Carter ni èèyàn ń gbà dé erékùṣù, nígbà tó sì di 1902, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sórí afárá náà, tó ń kó èrò àti ẹrù láti Ìddó wọ inú Èkó. Ní 1933 ni wọ́n pa á tì pátápátá. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ó rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa wá ojú irin tí kò sí mọ́.

Tí ẹ bá kúrò ní Ìddó, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ló kàn. Nínú ọgbà rélùwéè níbẹ̀, ilé alájà kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ti tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré: fọ́tò àtijọ́, irinṣẹ́, nǹkan táwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń lò. Inú ọgbà iléeṣẹ́ ni, nítorí náà ẹ béèrè lẹ́nu géètì, ẹ má kàn wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ sí Alágómejì, kí ẹ wo ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, ti ọkọ̀ tuntun tó ń lọ Ìbàdàn. Àtijọ́ àti tuntun, láàárọ̀ ọjọ́ kan, láì wọ bọ́ọ̀sì jìnnà.

Nítorí àwọn mìíràn tó ń ka èyí: ẹ ò lè fi owó ọwọ́ wọ Red Line tàbí Blue Line. Káàdì Cowry lẹ máa rà, kí ẹ fi owó sí i. Ti Blue Line, ẹ di ọmọ mú dáadáa. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń wa ọkọ̀ yẹn, irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni iná sì ń gbà. Tí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ yín sísàlẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́. Ẹ má dán an wò pé ẹ ó yára mú un.

Ọmọ Gáàdì

Bàbá mi ṣe gáàdì lórí ọkọ̀ ojú irin fún ọdún gbọọrọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ewé mi ló sì jẹ́ pé ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè la ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí tí ẹ bi pé kí lèèyàn ń wò.

Ẹ wo ibi tí irin ti pín. Ní ibi tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà àtijọ́, ojú irin kan ṣoṣo ló wà. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ò lè ya fún ara wọn láàárín ọ̀nà, àfi ní ibùdókọ̀, níbi tí irin ti di méjì tàbí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí ibùdókọ̀ láàárín igbó, tí ẹ ó máa wò pé ta ló ń wọkọ̀ níbí. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ nítorí èrò. Nítorí ọkọ̀ kejì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọ̀gá téṣàn á bá téṣàn tó wà níwájú sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá ní ọ̀nà mọ́, á kọ ìwé àṣẹ fún dírẹ́bà, dírẹ́bà ò sì gbọdọ̀ gbéra láì tíì gba ìwé náà. Bàbá mi máa ń sọ pé oorun tó dùn jù tí òun sùn láyé, àwọn téṣàn inú igbó yẹn lòun ti sùn ún, níbi tí wọ́n ti ń retí ọkọ̀ ẹrù tí kò dé.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, gbogbo nǹkan tó kù nílẹ̀ á máa bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì láti yí ojú irin sí ọ̀nà kejì. Ẹ ó rí òpó sígínà tó ní apá. Apá yẹn, tó bá nà gbọọrọ, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá ti yẹ̀, kó máa lọ. Ibòmíràn, òpó nìkan ló kù, apá ti lọ. Ẹ wá táǹkì omi tó wà lórí òpó irin. Nígbà tó jẹ́ pé iná àti ooru omi ló ń wa ọkọ̀, injin máa ń mu omi bí ẹni tó ti oko ọ̀sán dé, kò sì lè rìn jìnnà kó tó tún mu. Èédú tí wọ́n ń dá sí i, Enugu ló ti ń wá látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á níbẹ̀ ní 1915. Tí ẹ bá rí táǹkì, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ lọkọ̀ ti ń dúró pẹ́, ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń dúró pẹ́, ibẹ̀ ni ọjà ti ń hù.

Ẹ wo ilé òṣìṣẹ́ náà. Yàrá tó tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn ní ìrísí kan náà, ilé ìdáná lẹ́yìn. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ lè kúrò ní Ọ̀fà dé Òṣogbo, kó sì mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà nínú òkùnkùn.

Ohun kan tí ọmọ yín máa fẹ́ràn: ẹ jẹ́ kó fi ojú wọn fífẹ̀ irin. Ti àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1,067, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀. Ti tuntun tó ń lọ Ìbàdàn jẹ́ mílímítà 1,435. Ọkọ̀ ti ọ̀kan ò lè rìn lórí èkejì. Níbi tí méjèèjì bá ti sún mọ́ra, ẹ dúró sórí pèpéle, ẹ má sọ̀ sílẹ̀, kí ẹ ní kó sọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ fún yín.

Ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀ lórí Kánò rèé: kì í ṣe ọ̀nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti Èkó wá ni ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Jẹ́bà ní 1909. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n là láti Bárò létí odò Ọya lọ sí Kánò, láàárín 1907 sí 1911. Ní Mínà ni àwọn méjèèjì ti pàdé, ní 1912 ni wọ́n sì sọ iléeṣẹ́ méjèèjì di ọ̀kan.

Arìnrìn Agége

Ọmọ Gáàdì, ẹ ṣeun gidi. Mo ka èyí fún un lálẹ́ àná, ó ní kí n tún ibi oorun yẹn kà.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, mo sì ti ya ibùdókọ̀ púpọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò, ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ kí èèyàn kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Ẹ bi pé ta ni ọ̀gá téṣàn, ẹ lọ bá a, ẹ dọ̀bálẹ̀ tó bá jẹ́ àgbà, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Tí ẹ bá fẹ́ ya nǹkan púpọ̀ tàbí tí ẹ fẹ́ lo kámẹ́rà ńlá, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ rélùwéè ṣáájú, kí ẹ sì mú ẹ̀dà ẹ̀ lọ. Mo ti tẹ ìlànà yìí lójú rí. Ní ibùdókọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, mo bá ààrọ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa, mo ní kí n tètè ya ìmọ́lẹ̀ yẹn kó tó lọ. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mò ń ṣàlàyé ara mi, mo sì pa gbogbo fọ́tò rẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀ sọ fún mi nígbẹ̀yìn pé, "Ká ní o kí wa ni."

Ẹ má ya ọlọ́pàá, ẹ má ya ṣọ́jà, ẹ má ya àpótí owó. Ẹ má gbé dúróònù wá. Tí ẹ bá fẹ́ ya ìyálọ́jà, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Bó bá ní rárá, rárá náà ni.

Ìmọ̀ràn mi lórí ibi tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀: Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ wọ ọkọ̀ tuntun láti Agége, ẹ sọ̀ ní Mọ́níyà, ibi tí wọ́n ń pè ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí ẹ wá wọ mótò lọ sí Dùgbẹ̀. Mọ́níyà jìnnà sí àárín ìlú, kí ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn, ẹ̀yìn odi ìlú ni Dùgbẹ̀ wà. Ojú irin ló fa àwọn oníṣòwò òyìnbó wá sí Gbági àtijọ́ nítòsí ibẹ̀, tí báńkì àti ilé ìtajà fi kún ibẹ̀, tí ojú Ìbàdàn fi yí síhà yẹn. Cocoa House tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò, nítòsí ibùdókọ̀ ló wà. Ẹ dúró sí ibùdókọ̀ àtijọ́, ẹ gbójú sókè wò ó, kí ẹ wá ronú lórí kòkó tó gba orí irin yẹn lọ sí Èkó. Fọ́tò tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti yà á.

Ìyá Ìbejì Ìtókò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ irin, ẹ ti sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀. Ẹni tó bá mú ọmọ dání, kó yáa ṣe gbogbo ẹ̀ kó tó kúrò nínú ọkọ̀ tuntun, torí ní àwọn téṣàn àtijọ́, ẹ lè má rí ibi tó dáa. Ẹ mú omi, ẹ mú fìlà, ẹ mú aṣọ kan sí i. Ẹ má fi bàtà sílípáàsì rìn, òkúta tó wà láàárín irin máa ń gé ẹsẹ̀.

Abẹ́òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe Ìbàdàn. Ó sún mọ́ Agége jù, ẹ sì lè padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ̀ tuntun á gbé yín dé ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Ládẹ̀rín. Ẹ wo ibẹ̀ tán, kí ẹ wá wọ mótò wá sí Láfẹ́nwá. Láfẹ́nwá ni ti àtijọ́. Ọjà àti ojú irin ti jọ gbé pẹ́ débi pé wọn ò mọ ara wọn sí àlejò. Àwọn ìyá á tẹ́ ata sílẹ̀, fèrè á dún, wọ́n á fa ata sẹ́yìn díẹ̀, ọkọ̀ á kọjá, wọ́n á tún dá a padà. Ìyá mi tajà níbẹ̀. Fèrè ni aago ẹ̀, kò ní òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo afárá ojú irin lórí odò Ògùn, ṣùgbọ́n láti etí odò ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ má gun orí ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń rìn kọjá lórí ẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ Olódò pẹ̀lú. Olódò wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níhà Ọ̀dẹ̀dá, ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ tuntun tí wọ́n fi orúkọ Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà sọ wà. Olódò mìíràn wà ní Ìbàdàn. Àbúrò mi kan ti bá ọlọ́kadà lọ síbi tí kò fẹ́ rí.

Bàbá Ọ̀fà

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní ẹni 70, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Mo rí i pé ẹnu yín wà ní Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má gbàgbé òkè. Láti Ìbàdàn, ọ̀nà náà gba Lálúpọn, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, ó wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀fà, ó kọjá sí Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà. Ní Òṣogbo, ẹ kàn béèrè Station Road, orúkọ yẹn á mú yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Ìlú tí rélùwéè bá gbà kọjá, ibẹ̀ ni èrò ń wọ́ sí: oníṣòwò dé, báńkì dé, Hausa dé pẹ̀lú màlúù àti àlùbọ́sà, àwọn ọmọ wa náà sì gba ibẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì àti Kánò. Bí ẹ bá pàdé ará Ọ̀fà ní òkè ọya, ẹ bi í pé kí ló gbé bàbá ẹ̀ débẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ kì í dé kí ọmọ wà nílé. Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, a ti gbọ́ ọ láti òkèèrè. Àwọn ìyá wa á ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, á ru àkàrà, á ru iṣu sísè, wọ́n á nà án sí ojú fèrèsé. Ọkọ̀ á máa lọ, olówó á máa ju owó sílẹ̀, olùtà á máa sáré tẹ̀ lé e. Mi ò rí i kí èrò gbé owó ìyá mi lọ rí. Wọ́n máa ń jù ú.

Ní ti ìrìn àjò, ẹ máa ranti pé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ò ní àkókò tó ṣeé gbára lé. Ẹ máa gba títì láti ìlú dé ìlú, kí ẹ sì rìn wọ téṣàn. Nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ gbé èèyàn láti Èkó wá sílé fún ọdún Iléyá àti Kérésì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ inú rélùwéè lónìí ní Òṣogbo, ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá sì lè dé Jẹ́bà, ẹ lọ. Títí di 1916 tí afárá fi parí, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá odò níbẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì Kan

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ gbogbo wa. Ṣé àwọn tuntun tọ́ sí ká máa wò? Ní tèmi, gbogbo wọn jọra jù. Gíláàsì àti táìlì.

Ọmọ Gáàdì

Wọ́n tọ́ sí i, àbúrò. Ti Láfẹ́nwá náà tuntun nígbà kan. Àwọn orúkọ tí wọ́n fi sára wọn nìkan tó ẹ̀kọ́ fún ọmọ ilé ìwé: Lateef Jakande ní Agbádò, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Pápálàńtò, Ládòkè Akíntọ́lá ní Ọmí-Adió. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yẹn, kìlómítà 157. Ẹni tó bá ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ báyìí, tó ń ya á báyìí, òun lọmọ ọmọ wa máa bá nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, fọ́tò kan ṣoṣo la ní tó fi wà lórí pèpéle, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ téṣàn náà mọ́. Mo ti fi fọ́tò yẹn hàn káàkiri. Mo ṣì ń wá a.

Ọmọ Ṣábẹ

Ẹ káàbọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwa náà. Ilẹ̀ Yorùbá ò parí sí Ìdírókò. Ojú irin Bẹ̀nẹ̀ láti Kutọnu lọ sí Parakou jẹ́ kìlómítà 438, ó sì gba Ìdáàṣà àti Ṣábẹ wa kọjá. Fífẹ̀ irin tiwa jẹ́ mítà kan géérégé, nítorí náà tiwa àti tiyín ò bá ara mu, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ò bá ara wọn sọ ọ́. Ọ̀nà mìíràn tún wà láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Pọbẹ̀, tí ọkọ̀ ò gba ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí ibùdókọ̀ ṣe ń di ilé àti oko, kó tọ ọ̀nà yẹn. Kí ẹ sì gbọ́ èdè: ní Pọbẹ̀, ẹ ò ní nílò ògbufọ̀.

Ará Peckham

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ ọ́. Ibùdókọ̀ Peckham Rye ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó bá sì mọ Rye Lane mọ̀ pé èèyàn lè rà á láti ẹlubọ́ títí dé pọ̀nmọ́ níbẹ̀ láì sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1865 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ yẹn, Charles Henry Driver ló ya àwòrán ẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà lókè ibẹ̀ tí èrò ń jókòó sí látijọ́. Wọ́n ti ibẹ̀ pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́, wọn ò mọ̀ pé ó wà. Àwọn ará àdúgbò ni kò jẹ́ kó sinmi títí wọ́n fi tún un ṣe. Ẹ̀mí yẹn ni mo fẹ́ kó wá sílé. Níbí, wọ́n ń gbà kí èèyàn ya fọ́tò fún ara ẹ̀, bí kò bá ti lo iná kámẹ́rà, tó sì dúró sẹ́yìn ìlà. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò ya Ìddó rí kí n tó kúrò nílé. Ẹ bá mi yà á.

Ìyá Ìbejì Ìtókò

Mo tún padà. Ohun kan wà tí gbogbo wa ń yí ká. Ní oṣù kìíní 2023, wọ́n jí àwọn èrò gbé ní ibùdókọ̀ kan ní Igueben, ìpínlẹ̀ Edo, níbi tí wọ́n ti ń retí ọkọ̀. Nítorí náà, téṣàn inú igbó tí Ọmọ Gáàdì ń sọ, ẹ má dá a lọ. Ẹ lọ ní ọ̀pọ̀, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baálẹ̀ abúlé náà kí ẹ bèèrè bí àdúgbò ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ padà. Téṣàn náà ò ní sá lọ.

Kí ẹ má sì mú ohunkóhun. Kì í ṣe bóòtù kan, kì í ṣe irin tó ti dípẹtà. Wọ́n ń jí irin ojú ọ̀nà tà, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ nǹkan mú lọ sílé, kó mú ewé igi tó wà níbẹ̀.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì sọ òótọ́. Mo gbàgbé ohun kan: ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, tí wọ́n bá gbà. Ilé á dúró dè yín di ọdún mìíràn. Àwọn lè má dúró.

Arìnrìn Agége

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀. A lọ ní Sátidé. Abẹ́òkúta la lọ, a gbọ́rọ̀ sí Ìyá Ìbejì lẹ́nu.

A sọ̀ ní Ládẹ̀rín, ọmọ mi ya òrùlé ẹ̀, a wọ mótò lọ sí Láfẹ́nwá. Mo ṣe bí Ayàwòrán ṣe wí. Mo béèrè ọ̀gá téṣàn, wọ́n mú mi lọ bá ọkùnrin kan, mo kí i, mo ní ọmọ mi fẹ́ mọ bí ojú irin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó wò ó tìtì. Ó ní ṣé ó ti jẹun. Ó mú wa lọ síbi tí irin ti pín, ó fi ọ̀pá irin yẹn hàn án, ó ní kó gbá a mú, kó mọ bó ṣe wúwo tó. Kò lè mì ín.

Nígbà tó yá, a jókòó sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà. Ọmọ mi bi í léèrè ohun tó máa ń bi gbogbo èèyàn, pé níbo ni irin yìí ń lọ. Ìyá náà ò sọ Kánò o. Ó ní Ìdógò. Ó ní láti Ìfọ̀ ni wọ́n ti ń yà, wọ́n á gba Ìlaròó, pé ọ̀nà yẹn lòun gbà nígbà tí wọ́n ń gbé òun lọ sílé ọkọ, obì ni ẹrù ìyàwó òun, ọkọ̀ náà sì kún débi pé orí apẹ̀rẹ̀ obì lòun jókòó sí títí òun fi dé. Mo gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 14.

Ọkọ̀ ò kọjá ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Nínú ìwé ọmọ mi, ojú ewé Láfẹ́nwá ò ní òrùlé. Ìyá yẹn ló yà, àti apẹ̀rẹ̀ kan.

Nítorí náà, Ìdógò ló kàn. A ó pàdé ní Ìfọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 8 àárọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Kan ti ní òun ń bọ̀. Ọmọ Gáàdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú fọ́tò bàbá yín dání, ká fi han àwọn àgbà ibẹ̀.

Ọmọ Gáàdì

Mò ń bọ̀. Màá mú un wá.